Ọwọ́ Wo ni Ọ̀bọ Orí Igi Ń Lò?

Ọ̀bọ tó bá fẹ́ já èso lórí igi kì í sábà rí ọwọ́ méjèèjì lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ kan ní láti di ẹ̀ka mú kí ara má baà já bọ́, kí ọwọ́ kejì tó lè nà sí èso. Èwo ni yóò di ẹ̀ka, èwo ni yóò já èso? Fún ọ̀pọ̀ ẹran ìran ọ̀bọ, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe bó bá ṣe ṣẹlẹ̀: ọwọ́ kan wà tó yá sí iṣẹ́ ju èkejì lọ. Ìbéèrè méjì ni àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí rẹ̀ ń wá ìdáhùn sí. Àkọ́kọ́, ṣé ọ̀bọ kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ tirẹ̀? Èkejì, ṣé gbogbo ẹ̀yà náà lápapọ̀ ló fì sí apá kan? Ìbéèrè méjèèjì jọra létí, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú agbo ọ̀bọ ogún, ó lè jẹ́ pé mẹ́wàá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún paraku, kí mẹ́wàá yòókù sì jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì paraku. Olúkúlùkù ti yan ọwọ́, síbẹ̀ agbo náà kò fì sí ibì kankan.

Ọmọ aráyé ní tiwọn fì gan-an. Bí èèyàn mẹ́wàá bá péjọ níbikíbi lágbàáyé, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú wọn ni yóò jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Àṣà máa ń ti èyí lẹ́yìn. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ tó bá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà yóò gbọ́ ìbáwí lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tó sì ń fi òsì jẹun ni wọ́n ti bá wí títí tó fi yí sí ọ̀tún. Ṣùgbọ́n àṣà nìkan kò tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà. Láwọn ilẹ̀ tí wọn kì í ti í bá ọlọ́wọ́ òsì wí, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú aboyún pàápàá ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ inú oyún tó bá ń fa àtàǹpàkò mu, ti ọ̀tún ni wọ́n ń fà, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn ní ohunkóhun.

Inú ọpọlọ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà. Ọpọlọ pín sí abala méjì, ọ̀tún àti òsì. Àwọn iṣan tó ń gbé àṣẹ jáde láti inú rẹ̀ máa ń dábùú ara wọn kọjá kí wọ́n tó dé ọwọ́, tó fi jẹ́ pé abala òsì ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, abala ọ̀tún sì ń darí ọwọ́ òsì. Iṣẹ́ tí abala méjèèjì ń ṣe kò rí bákan náà. Ní 1861, Paul Broca, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan wò lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkùnrin náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ ohun mìíràn ju “tan, tan” lọ. Iwájú abala òsì ni Broca ti bá ibi tó bàjẹ́. Nígbà tó ti rí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ mélòó kan sí i, ó kéde ní 1865 pé abala òsì ni ọ̀rọ̀ sísọ fìdí kalẹ̀ sí. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti so ọwọ́ ọ̀tún pọ̀ mọ́ èdè, wọ́n sì gbà pé èèyàn nìkan ni ọpọlọ rẹ̀ pín iṣẹ́ báyìí.

Òròmọdìẹ wà lára ohun tó bi èrò yẹn ṣubú. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹyin pa, ọmọ inú rẹ̀ máa ń ká ara jọ lọ́nà tó jẹ́ pé ojú ọ̀tún nìkan ló kọjú sí èèpo ẹyin. Àyà rẹ̀ ti bo ojú òsì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí ẹyin náà, ojú ọ̀tún nìkan ló ń rí i, èyí sì ń jẹ́ kí abala méjèèjì ọpọlọ pín iṣẹ́ ìríran. Nínú ìwádìí tí Lesley Rogers ti Yunifásítì New England ní Ọsirélíà àti Giorgio Vallortigara ti ilẹ̀ Ítálì gbé jáde pẹ̀lú alábàáṣiṣẹ́ wọn ní 2004, wọ́n da ọkà sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ fún àwọn òròmọdìẹ, wọ́n sì ń fa àwòrán àṣá kọjá lókè orí wọn. Àwọn tí ìmọ́lẹ̀ ti tàn sí nínú ẹyin ń ṣa ọkà wọn dáadáa, wọ́n sì ń ṣọ́ àṣá. Àwọn tí wọ́n pa nínú òkùnkùn kò lè ṣe méjèèjì pọ̀: bí àṣá bá ti ń kọjá, òkúta àti ọkà a dàrú mọ́ wọn lójú. Ọpọlọ tó pín iṣẹ́ ti wà tipẹ́tipẹ́ kí èèyàn tó dáyé, àǹfààní rẹ̀ sì hàn gbangba: ẹran lè jẹun kó má sì di oúnjẹ ẹlòmíràn.

Ní ti ọ̀bọ, ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn ọwọ́ lílò kò le. Wọn á ka iye ìgbà tí ẹran kan lo ọ̀tún àti iye ìgbà tó lo òsì. Wọn á yọ ti òsì kúrò nínú ti ọ̀tún, wọn á sì fi àpapọ̀ méjèèjì pín ohun tó kù. Ọ̀bọ tó lo ọ̀tún nígbà 40, tó sì lo òsì nígbà 10, yóò gba 30 tí a fi 50 pín, ìyẹn 0.6. Ẹni tí kò lo òsì rárá yóò gba 1; ẹni tí kò lo ọ̀tún rárá yóò gba 1 tó ní àmì ìyọkúrò níwájú; ẹni tí ọwọ́ méjèèjì dọ́gba fún yóò gba òdo. Ìṣòro rẹ̀ wà nínú yíyan ohun tí wọn yóò kà. Bí èso bá wà lápá ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún ló sún mọ́ ọn jù. Nínà tó bá nà án kò fi hàn pé ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Bó bá sì já èso mẹ́wàá tẹ̀ léra láìkúrò lójú kan, ìgbà kan ṣoṣo ló yẹ kí àwọn onímọ̀ kà á sí.

Èrò tó mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn kọjú sí àwọn ẹran orí igi jáde ní 1987. Peter MacNeilage, Michael Studdert-Kennedy àti Björn Lindblom ló gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní orí igi gan-an ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba ńlá ìran ọ̀bọ jẹ́ ẹran kéékèèké tó ń jẹ kòkòrò. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń gbá kòkòrò mú, nítorí abala ọ̀tún ọpọlọ, tó ń darí ọwọ́ òsì, mọ bí a ti ń fi ojú wọn àyè àti ọ̀nà jíjìn. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń di igi mú, iṣẹ́ yẹn ló sì sọ ọ́ di alágbára. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn tóbi sí i, tí àwọn kan sọ̀kalẹ̀ wá sí ilẹ̀, ìdúró kò gba ọwọ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tó ti lágbára wá ráyè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èso nínú èèpo, ó ń ya nǹkan, ó ń tú nǹkan palẹ̀. Bí èrò yìí bá tọ̀nà, àwọn tó ṣì ń gbé orí igi ló yẹ kó fì sí òsì, àwọn tó ń rìn nílẹ̀ sì ló yẹ kó fì sí ọ̀tún.

Àwọn ẹran mélòó kan jẹ́rìí sí i. Ẹran kékeré olójú rogodo tí wọ́n ń pè ní bush baby, tó máa ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka lóru nínú igbó ilẹ̀ Áfíríkà, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi gbe èrò náà lẹ́sẹ̀, torí òsì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń nà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mú oúnjẹ. Ní Sumatra, lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà, siamang ń gbé orí igi gíga. Ẹran dúdú ni, kò nírù, apá rẹ̀ gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Nínú ihò ara igi tí omi òjò dúró sí ló ti ń mu omi. Á fi ọwọ́ kan rọ̀ mọ́ ẹ̀ka, á ti ọwọ́ kejì bọ inú ihò títí dé ọrùn ọwọ́, á fà á jáde, á sì máa lá omi tó ń kán láti ara irun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣọ́ àwọn siamang inú igbó níbẹ̀, wọ́n rí i pé òsì ni wọ́n sábà máa ń tì bọ ihò.

Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ orí igi ló rí bákan náà o. Ẹdun, ọ̀bọ tí àwọn Yorùbá fi ń ki ìbejì, kò ní àtàǹpàkò gidi. Kùkùté kékeré ló wà níbi tó yẹ kó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀bọ alápá gígùn tí wọ́n ń pè ní spider monkey ní àárín gbùngbùn àti gúúsù Amẹ́ríkà. Ìka mẹ́rin tó kù ti tẹ̀ kọrọdọ, wọ́n dára fún fífi rọ̀ mọ́ ẹ̀ka, àmọ́ wọn kò lè fún nǹkan kéékèèké mú bí a ti ń fún abẹ́rẹ́ mú. Ti spider monkey tún yàtọ̀ ní ti pé ìrù rẹ̀ lè di igi mú fúnra rẹ̀, kí ọwọ́ méjèèjì sì wà lófo. Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, olúkúlùkù wọn ṣì ń yan ọwọ́ tó wù ú.

Ní 1991, Joël Fagot àti Jacques Vauclair sọ pé irú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ẹran ló ṣe pàtàkì jù. Iṣẹ́ kékeré, irú bíi kí ẹran he èso nílẹ̀, kò le débi tí yóò fi bi ẹran pé ọwọ́ wo ló mọ̀ ọ́n jù. Bí iṣẹ́ bá le, tó gba ọgbọ́n, ìgbà yẹn ni ọwọ́ gidi yóò yọjú. Iṣẹ́ tó gba ọwọ́ méjèèjì ló dára jù fún ìdánwò. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Síbẹ̀, ẹni tó ń bẹ iṣu mọ̀ pé ọwọ́ tó di iṣu mú àti ọwọ́ tó di ọ̀bẹ mú kò ṣe iṣẹ́ kan náà.

William Hopkins, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ ìdánwò kan di ìlúmọ̀ọ́ká ní 1995. Ọ̀pá ike oníhò ni wọ́n ń lò, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ omi ń rà. Wọn á fi ẹ̀pà tí wọ́n lọ̀ kúnná kùn ún nínú, wọn á sì gbé e fún ìnàkí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee. Ẹran náà kò lè ti ẹnu bọ inú ọ̀pá. Ó ní láti fi ọwọ́ kan gbá a mú, kó fi ìka ọwọ́ kejì ha ẹ̀pà náà jáde, kó sì lá a. Ọwọ́ tó ń ha ẹ̀pà ni wọ́n ń kà. Ní 2011, Hopkins àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé èsì 777 nínú àwọn ìnàkí ńlá jáde: chimpanzee 536, bonobo 118, gorílà 76 àti orangutan 47. Mẹ́ta àkọ́kọ́ fì sí ọ̀tún. Orangutan, tó jẹ́ pé òun nìkan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń lo ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí igi, fì sí òsì. Ní 2012, wọ́n gbé irú ìdánwò kan náà lọ sínú igbó àwọn òkè Qinling ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n fún ọ̀bọ onírun wúrà kan tó ń gbé orí igi níbẹ̀ ní ọ̀pá, òun náà sì fì sí òsì. Èyí bá ohun tí wọ́n sọ ní 1987 mu.

Ṣùgbọ́n gbogbo onímọ̀ kọ́ ló gbà. William McGrew àti Linda Marchant kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 1997, wọ́n sì sọ pé yàtọ̀ sí chimpanzee, àwọn kò rí ẹ̀yà kan tó fì sí apá kan délẹ̀délẹ̀, àti pé ti chimpanzee pàápàá, inú àgọ́ tí èèyàn ti ń sìn wọ́n ló ti hàn. Ẹran àgọ́ ń rí èèyàn ọlọ́wọ́ ọ̀tún lójoojúmọ́, àwọn ni wọ́n sì ń fún un lóúnjẹ. Nínú igbó, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn. Ní Gombe, lórílẹ̀-èdè Tanzania, chimpanzee máa ń ki koríko tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú òkìtì ikán, kó fà á yọ pẹ̀lẹ́, kó sì fi ètè ha àwọn ikán tó ti gé e mọ́ra. Elizabeth Lonsdorf àti Hopkins kọ ọ́ ní 2005 pé òsì ni àwọn ti Gombe fì sí nínú iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe níbòmíràn fi hàn pé nínú iṣẹ́ pípa ekùrọ́ àti ẹ̀pà igbó, ọ̀tún ni wọ́n fì sí.

Iṣẹ́ ekùrọ́ náà tó ohun tí à ń wò. Ní Bossou, lórílẹ̀-èdè Gínì, àwọn chimpanzee máa ń wá òkúta pẹlẹbẹ kan tí wọn yóò gbé sílẹ̀ bí ọlọ. Wọn á fi ọwọ́ kan gbé ekùrọ́ lé e, wọn á fi ọwọ́ kejì gbé òkúta mìíràn sókè, wọn á sì fi lù ú. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ tó gbé ekùrọ́ sí i ni yóò ṣa ọmọ inú rẹ̀ sẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ń gba ọmọ wọn kó tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ẹran kan bá ti wá dàgbà, ọwọ́ tó fi ń gbé òkúta kì í yí mọ́: ọ̀tún ni lójoojúmọ́, tàbí òsì ni lójoojúmọ́. Ẹ̀rí wà pé irú ìdúróṣinṣin bẹ́ẹ̀ ń sanwó. Ní 1999, McGrew àti Marchant fi hàn pé àwọn chimpanzee Gombe tí kì í pààrọ̀ ọwọ́ rárá ń rí ikán mú ju àwọn tó ń lo ọwọ́ méjèèjì lọ. Kò sí ìyàtọ̀ bóyá ọ̀tún ni wọ́n yàn tàbí òsì. Yíyàn gan-an ló lérè.

Yàtọ̀ sí ọwọ́, pínpín iṣẹ́ láàárín ọ̀tún àti òsì tún hàn nínú ìwà mìíràn. Ìyá chimpanzee àti gorílà sábà máa ń gbé ọmọ tuntun sí àyà lápá òsì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìyá nínú ọmọ èèyàn ti ń ṣe. Ní Sepilok, ní ìpínlẹ̀ Sabah ní Malaysia, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú orangutan tó pàdánù igbó rẹ̀, Rogers àti Gisela Kaplan rí i pé òsì ni wọ́n máa ń fi nu ojú àti etí ara wọn. Ní ti marmoset, ọ̀bọ kékeré ilẹ̀ Brazil tó lè jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ èèyàn, ọwọ́ wọn bá ìwà wọn rìn. Àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún nínú wọn tètè ń wọ ibi tuntun, wọ́n ń fọwọ́ kan nǹkan tí wọn kò rí rí. Àwọn ọlọ́wọ́ òsì ń fà sẹ́yìn, wọ́n ń fura. Àlàyé tí Rogers ṣe ni pé abala ọ̀tún ọpọlọ ló ń bójú tó ìbẹ̀rù àti ewu, nítorí náà, ẹran tí abala yẹn bá ń darí yóò jẹ́ oníṣọ̀ọ́ra.

Ọ̀rọ̀ èdè náà kò parẹ́. Ní 1998, Patrick Gannon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn apá kan nínú ọpọlọ chimpanzee, apá tó jẹ́ pé nínú èèyàn, ó ń ṣiṣẹ́ lórí gbígbọ́ èdè. Nínú ọpọlọ 18 tí wọ́n wọ̀n, 17 ni ti òsì tóbi ju ti ọ̀tún lọ. Ní Rousset, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, Adrien Meguerditchian àti Vauclair ṣọ́ irú ọ̀bọ ńlá kan tó ń gbé ilẹ̀, tí òyìnbó ń pè ní baboon. Bí ó bá fẹ́ halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn, a máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀. Ọ̀tún ni wọ́n sábà fi ń gbá a, wọ́n sì fì sí ọ̀tún nínú èyí ju bí wọ́n ti fì nígbà tí wọ́n bá ń mú oúnjẹ lọ. Àwọn kan torí èyí sọ pé ọwọ́ ni ìran ọ̀bọ kọ́kọ́ fi sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹnu tó dé.

Ìwádìí tó tóbi jù nípa ìdánwò ọ̀pá ike jáde ní 2022 lábẹ́ Kai Caspar, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Àwọn tí wọ́n wọ̀n lé ní 1,700, láti ẹ̀yà 38, ọmọ èèyàn sì wà nínú wọn. Wọ́n wádìí bóyá gbígbé orí igi tàbí gbígbé ilẹ̀ ló ń pinnu apá tí ẹ̀yà kan fì sí, wọ́n tún wádìí bóyá lílo irinṣẹ́ ni. Ẹ̀rí tí wọ́n rí fún méjèèjì kò tó nǹkan. Àwọn ẹ̀yà kan fì díẹ̀ sí òsì, àwọn kan fì díẹ̀ sí ọ̀tún, púpọ̀ kò fì rárá. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ló dá dúró nínú gbogbo wọn tí ìfìsọ́tùn-ún rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀: ọmọ aráyé.

Ìfìsọ́tùn-ún yìí kì í ṣe ohun àná. Ní àfonífojì Olduvai ní Tanzania, àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun àgbọ̀n òkè ẹ̀dá kan tó ti gbé ayé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n gbà pé ara ìran Homo habilis ni. Ojú iwájú eyín rẹ̀ kún fún ibi tí nǹkan ti ha á. David Frayer àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ ní 2016: ẹ̀dá náà máa ń fi eyín di ẹran mú, yóò fi ọwọ́ kan fà á, yóò sì fi ọwọ́ kejì rẹ́ ẹ pẹ̀lú òkúta mímú. Bí òkúta bá ṣèèṣì yọ̀, á ha eyín. Ọ̀pọ̀ jù lọ ibi tó ha náà dà gẹ̀rẹ́ wá sí apá ọ̀tún, bó ṣe máa rí bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ló di òkúta mú.

Kí ló wá dé tí odindi ẹ̀yà yóò fì sí apá kan, nígbà tó jẹ́ pé yíyan ọwọ́, ọwọ́kọ́wọ́ tó bá jẹ́, ti tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ní 2005, Vallortigara àti Rogers dáhùn pé ọ̀rọ̀ àwùjọ ni. Ẹran tó dá gbé lè yan apá tó wù ú. Ẹran tó ń gbé pẹ̀lú ẹgbẹ́, tó ní láti bá wọn sá, bá wọn jà, bá wọn ṣiṣẹ́, yóò jàǹfààní bí òun àti àwọn yòókù bá ń ṣe nǹkan sí apá kan náà, kí olúkúlùkù lè mọ ibi tí èkejì yóò yà sí. Bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì ṣe yapa. Orí igi, níbi tí ọwọ́ kan ti ń di ẹ̀ka nígbà tí èkejì ń wá oúnjẹ, ti tó láti sọ ọ̀bọ kọ̀ọ̀kan di ọlọ́wọ́ kan, torí ọwọ́ tí kò yí padà ń tètè mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá yan ọwọ́ kan náà, ó ju iṣẹ́ orí igi nìkan lọ. Ìran èèyàn, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́, tó sì ń bá ara rẹ̀ lo irinṣẹ́ kan náà láti ìrandíran, nìkan ni wọ́n tíì bá a lọ́wọ́ rẹ̀.